Fọ́tò Kẹrìndínlógójì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1996, èmi Fẹ́yìsayọ̀, tí mo ti fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn ọmọ ní táìpù kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Yábàá, mo rìn ju póòsìmáànù lọ nítorí álímánáákì ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú l'Ékòó mọ ohun tí álímánáákì jẹ́. Ọjọ́ àti oṣù tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ò ṣe pàtàkì. Fọ́tò ni. Alága á wà lókè pátápátá, fọ́tò tirẹ̀ á tóbi tó ti ẹni mẹ́rin. Igbákejì rẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà akọ̀wé, akápò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé orí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lásán, oníkálukú ní ipò rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lọ́dún 1971 sábẹ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́dún 1974, ẹ ti dájà sílẹ̀ nìyẹn. Mo mọ ọkùnrin méjì tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìlà kejì àti ìlà kẹta. Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ sì ni orúkọ ẹgbẹ́ wa o. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo wa, ìlú kan ló bí wa pẹ̀lú àwọn abúlé tó yí i ká, Súrùlérè la ti ń ṣèpàdé.

Ẹni mẹ́rìndínlógójì ló gbọ́dọ̀ wà nínú álímánáákì ọdún náà, tí ẹgbẹ́ gbé fún mi ṣe. Ẹni ìkẹrìndínlógójì ni Ìyá Gbọ̀ngàn.

Àmúdàtù ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gbá gbọ̀ngàn ìpàdé wa, òun ló ń to àga, òun ló ń gbé omi síwájú alága. Yàrá kan tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà ló ń gbé. Ọdún méjìlélógún ló fi dá owó ẹgbẹ́ bí gbogbo wa, síbẹ̀ fọ́tò rẹ̀ ò wọ álímánáákì rí. Lọ́dún yẹn ló dìde nípàdé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ fi èmi náà sí i." Olóyè Akínyẹlé, alága wa, wo òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Kò burú. Ìsàlẹ̀ pátápátá."

Ọjọ́ tó mú fọ́tò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ló tó sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún mi. Àwọn méjì péré ni ìyá rẹ̀ bí, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sìdíkàt, ní abúlé kan tí ọkọ̀ kì í dé. Nígbà tí ìyá wọn kú, wọ́n jà lórí ibi tí wọn yóò sin ín sí. Sìdíkàt ní, "Jáde nílé yìí, n kò fẹ́ rí ọ mọ́." Àmúdàtù náà búra pé òun ò ní tẹ abúlé náà mọ́, òun ò sì ní ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi bí Sìdíkàt bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe òun. Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò mọ̀ bóyá Sìdíkàt wà láàyè. Àwọn tó wà nílé náà ò mọ̀ bóyá òun wà láàyè.

Mo ní, "Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ṣé kò sẹ́ni tó bi yín pé ọmọ ta ni yín?"

Ó ní, "Ẹni tó ń gbálẹ̀, ta ní ń bi í ní baba rẹ̀?"

Ojú tì mí. Èmi náà ò bi í rí.

Ó wá ní, "Wọ́n máa ń mú álímánáákì yín dé gbogbo abúlé. Wọ́n máa ń kàn án mọ́ ògiri mọ́sáláṣí. Mo búra pé n ò ní ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí mi lára ògiri, ṣé èmi ni mo ránṣẹ́? Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́." Ó fi ọwọ́ nu fọ́tò náà. "Ara mi ti ń sọ fún mi, Àǹtí. N ò mọ̀ bóyá ti ọdún tó ń bọ̀ á bá mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní kó máa lọ, mo ní iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni. Ẹnu mi ló ń yọ mí lẹ́nu látìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ẹ gbọ́, mẹ́mọ́rì inú kọ̀ǹpútà dà bíi tábìlì tí ẹ̀rọ náà ń to iṣẹ́ sí nígbà tó bá ń ṣe é. Bí tábìlì bá kéré, ẹ óò to díẹ̀, kò ní gba ìyókù. Mẹ́gábáìtì mẹ́rin ni ti kọ̀ǹpútà mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to fọ́tò sí i bó ṣe yẹ, alága kọ́kọ́, igbákejì, akọ̀wé. Nígbà tí mo fi ẹni kẹtàlélógún sí i tán, ẹ̀rọ náà dúró, ó kọ ọ́ sójú pé òun ò láàyè mọ́. Mo pa á, mo tún un tàn, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni kẹtàlélógún náà ni. Ó ku ẹni mẹ́tàlá níta, Ìyá Gbọ̀ngàn ló kẹ́yìn wọn.

Mo tọ alága lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Sà, bí mo bá dín fọ́tò tiyín kù díẹ̀, àwọn mélòó kan á tún ráyè wọlé."

Ó ní, "Fẹ́yìsayọ̀, ṣé fọ́tò káàdì ìdánwò ni? Fi ẹni mẹ́tàlélógún yẹn síbẹ̀. Kí àwọn ìyókù dúró de ọdún tó ń bọ̀."

Inú bí mi débi pé n ò kí i kí n tó jáde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ẹni tí yóò bá wa tẹ̀ ẹ́ ní Múṣin sì ti sọ pé bí òun ò bá rí i láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kò ní jáde kí àwọn èèyàn tó lọ ṣọdún nílé.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo tú ìdí kọ̀ǹpútà. Ihò méjì ló wà fún mẹ́mọ́rì, ọ̀kan ṣófo. Mo yọ èyí tó wà nínú ìkejì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní eyín wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀, mo fi bébà wé e, mo tì í sáàárín ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì mi kó má baà ṣẹ́. Ọjà Ládìpọ̀ ni mò ń lọ. Ní Ládìpọ̀, ẹ kì í fi ẹnu júwe ọjà, sáńpù lẹ máa mú lọ. Bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn ni Ìyá Gbọ̀ngàn dé, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ti wé gèlè. Mo ní, "Ẹ lọ sinmi, mà." Ó ní, "Ṣé fọ́tò yín ni?" A jọ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ óò bi mí pé kí ni kọ̀ǹpútà ń wá lọ́jà ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Jẹ̀lílì, ọmọ Ìjẹ̀bú, búréèkì ló ń tà. Ó ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan láti Bẹ́ljíọ̀mù, ó ṣí ikùn rẹ̀, ó bá kọ̀ǹpútà mọ́kànlá níbẹ̀ tẹ́nìkan ò sọ fún un. Ó ti ta bọ́ọ̀sì náà. Àwọn kọ̀ǹpútà ló kù tó ń gbé táyà tírélà lé lórí.

Jẹ̀lílì gba sáńpù lọ́wọ́ mi, ó ka eyín rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó wọlé lọ, ó mú irú rẹ̀ kan jáde. Ó ní, "Mẹ́jọ ni wọ́n kọ síbí. N ò mọ ohun tí wọ́n ń kà."

Mo ní, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Àǹtí, ọkọ̀ ni mo mọ̀. Ẹ gbé e lọ, ẹ lọ dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ fi èèyàn sílẹ̀."

Mo ní kí n fi ago ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní kí n fi owó sílẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó, Àǹtí, ẹni tó fi owó sílẹ̀ lè gbé ojúlówó lọ, kó gbé òkú ọjà padà wá, kó ní ìyẹn ni mo tà fún òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kò ní ṣe mágómágó. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

Kí n tó lanu, Ìyá Gbọ̀ngàn ti rí táyà kan, ó ti jókòó lé e. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Mo wà níbí."

Jẹ̀lílì bú sẹ́rìn-ín. "Ìjẹ̀ṣà ni yín, àbí? Òṣómàáló! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lóṣòó ti ẹni tó jẹ yín lówó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Màmá, ẹ káàbọ̀ o, ẹ máa lóṣòó yín lọ."

Mo sáré dé Yábàá. Mo ki ti àtijọ́ bọ ihò kan, mo ki tuntun bọ ìkejì, mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà ò ké. Mo ní ó parí, Jẹ̀lílì ti ta òkú fún mi. Mo yọ wọ́n, mo fi àkísà aṣọ nu eyín wọn, mo tún wọn fi sí. Kò ké. Mo pààrọ̀ ihò wọn. Mo gbàdúrà. Mo ṣépè díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo tó gbójú sókè rí i pé fáànù ò yí. Iná ti lọ.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ nìyẹn. Mo jókòó. Aago méjìlá lù, aago kan lù. Mo bi aládùúgbò mi tó ní jẹnẹrétọ̀, ó ní plọ́ọ̀gì rẹ̀ ti jóná, ó ń retí òmíràn láti ọjọ́ Ajé. Aago méjì lù. Ìyá arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún jókòó lórí táyà ní Ládìpọ̀, èmi ni mo fi í dúró bí ìwọ̀fà, mẹ́gábáìtì mẹ́jọ ni mo fi í yá. Àwọn baba ńlá wa fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà nítorí ìnáwó òkú, ó kéré tán wọ́n jẹun níbẹ̀. Mo bínú sí Jẹ̀lílì, mo bínú sí iná, mo bínú sí Olóyè Akínyẹlé jù lọ.

Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá, àdúgbò hó yèè, iná dé. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà ké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́mọ́rì rẹ̀ lójú mi, ó kà á kọjá mẹ́rin, ó kà á kọjá mẹ́jọ, ó dúró sórí méjìlá. Omi bọ́ lójú mi, n ò ní purọ́ fún yín. Mo to fọ́tò láti orí alága, mo kọjá ẹni kẹtàlélógún bí ẹni tó kọjá ààlà, mo dé ìdí rẹ̀. Ìyá Gbọ̀ngàn wọlé.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tí mo padà dé Ládìpọ̀. N ò kọ́kọ́ dá ṣọ́ọ̀bù náà mọ̀. Wọ́n ti gbá a. Gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù ti wà nínú agolo mílíìkì, kékeré lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀. Jẹ̀lílì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé mẹ́mọ́rì yẹn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi Màmá sílẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Orí ẹ ò pé." Mo sanwó rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Gbọ̀ngàn bi mí. "Ṣé mo wọlé?"

"Ẹ wọlé, mà."

Ó ní, "Alihamudulilahi," ó tún gèlè rẹ̀ wé.

Ìbá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Ní Ọjọ́bọ̀, Olóyè Akínyẹlé wá wo iṣẹ́. Ìyá Gbọ̀ngàn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i kó tó lọ sí Múṣin. Alága wo ojú kọ̀ǹpútà, ó gbọ́ pé mo ti fi kún mẹ́mọ́rì, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ààyè ti wà nìyẹn." Ó bọ ọwọ́ sínú agbádá, ó mú fọ́tò tuntun jáde: òun nínú sányán, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, àga ńlá lábẹ́. Ó ní, "Ṣe èyí kó tó ti ẹni mẹ́jọ."

Mo ní, "Sà."

Ó ní, "Ẹni mẹ́jọ."

Mo ṣe é. Mo tò ó láti òkè wá. Ẹ̀rọ náà gba ẹni márùndínlógójì, ó sì kọ̀wé rẹ̀. Kò láàyè mọ́. Ẹ mọ ẹni tó kù.

Alága ní, "Ṣé ẹnì kan péré náà ni? Kò tó nǹkan. Ìyá Gbọ̀ngàn, ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀ẹ́ wọ tọdún tó ń bọ̀."

Ìyá Gbọ̀ngàn ní, "Kò burú, sà." Ó fẹ́ dìde, kò rí i ṣe, ó tún jókòó. Inú mi gbóná bí àdògán.

Mo wá bi ara mi léèrè: ta ló ní kí n máa bẹ̀rẹ̀ látòkè? Ẹ̀rọ náà ò mọ alága. Kò mọ ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lọ́dún 1971. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbà sílé. Èmi ni mò ń tò ó bí ẹni ń bu oúnjẹ, tí àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ẹran, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Lẹ́yìn tí mo ti fi ọdún mẹ́ta jókòó ti kọ̀ǹpútà, n ò rò ó rí. Ẹ bá mi gbá orí mi.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi Ìyá Gbọ̀ngàn sí ààyè rẹ̀ ní igun, mo fi ẹni tó wà lórí rẹ̀ sí i, mo ń gòkè bọ̀ ní ìlà kan sí ìkejì. Alága ń wò mí. Mo fi akápò sí i, mo fi akọ̀wé, mo fi igbákejì. Mo wá pe fọ́tò onísányán. Ẹ̀rọ náà kọ̀wé rẹ̀.

Mo ní, "Ó ku ẹ̀yin, sà."

Olóyè Akínyẹlé ní, "Yọ ọ́."

"Ta ni, sà?"

"O mọ ẹni tí mò ń wí."

Mo dìde lórí àga mi. Mo ní, "Ẹ jókòó, sà. Bọ́tìnnì yìí ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Èmi ò ní lè ṣe é."

Ó jókòó. Ó na ìka. Ìyá Gbọ̀ngàn ti dìde, ó wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, níbi tó máa ń dúró sí bó bá gbé omi fún un nípàdé. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wo ojú ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Alága wo fọ́tò náà, ó wo ẹni tó ni ín, ó tún wo fọ́tò. Ìka rẹ̀ wà lókè bọ́tìnnì, kò sọ̀kalẹ̀. Mo ń ka fáànù bó ṣe ń yí.

Ó ní, "Báwo ni tèmi á ṣe kéré tó, kó tó wọlé?"

"Bíi ti gbogbo wa, sà." N ò rán an létí pé ti ẹni mẹ́rin ti wọlé lọ́jọ́ tó ṣáájú.

"Bíi ti gbogbo wa." Ó tún agbádá ká sí èjìká. "Tètè ṣe é kí n tó bínú."

Mo ṣe é kíá. Álímánáákì náà jáde, ojú mẹ́rìndínlógójì lọ́gbọọgba. Àwọn èèyàn gbé e lọ sílé fún ọdún. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ó dà bí àwòrán ọmọ ilé ìwé. Mo ní kí wọ́n lọ bi alága.

Oṣù kìn-ín-ní kọjá, n ò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù kejì kọjá. Ìyá Gbọ̀ngàn ò bi mí, èmi náà ò bi í. Nípàdé, á gbé omi sílẹ̀, á wo ẹnu ọ̀nà, á padà sẹ́yìn. Ó ń dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé Sìdíkàt ti kú, pé a kàn fi ojú Ìyá Gbọ̀ngàn kọ́ ògiri lásán ni.

Ọjọ́ kan ní oṣù kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, obìnrin àgbà kan dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú ọ̀pá. Eruku ìrìnàjò bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tú nǹkan kan tó ká mọ́ra, álímánáákì wa ni, ihò ìṣó ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti bá a ka àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà."

Ó fi ìka lé ẹni tó wà nígun. "Ẹni yìí. Wọ́n pè mí wá sí mọ́sáláṣí pé kí n wá wò ó. Mo wò ó, ojú ìyá mi ni mo rí. Ṣé ó wà láàyè?"

Mo ní, "Ó wà láàyè, mà." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo mú un lọ sí Súrùlérè. Ìyá Gbọ̀ngàn ń nu àga. Ó yíjú, ó rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ó kúnlẹ̀ síbi tó wà. Sìdíkàt rìn lọ bá a. Ó ní, "Àmúdàtù. Ẹnu mi rèé. Mo wá pè ọ́." Ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e dìde, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọn ò sunkún. Èmi ni mo ń sunkún fún wọn.

Nígbà tó pẹ́, Sìdíkàt na álímánáákì náà sí mi. Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi àbúrò mi sí ìsàlẹ̀ báyìí?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Lọ kó ẹrù rẹ."

Ìyá Gbọ̀ngàn ní, "Ta ni yóò máa tọ́jú ibí?"

Sìdíkàt wo álímánáákì lẹ́ẹ̀kan sí i, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹni márùndínlógójì ló kù síbẹ̀."

Ẹrù rẹ̀ ò ju àpò kan lọ. Èmi ni mo gbé e dé ibùdókọ̀.